Mo Parọ́ Fún Ọkọ Mi Pé Wọ́n Tún Ti Fagi Lé Kọ́ńsáàtì

Ìgbà kan wà tí mo ń gbàdúrà kí ìlú ẹlòmíràn má tòrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣépè fún mi tètè ṣe é, kí n lè ráyè sọ ìyókù. Ìlú tí mò ń wí yìí gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi.

Qúdrát ni orúkọ mi. Ìlárá ni mò ń gbé, létí bọ́dà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ta káàdì ìpè, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn ṣájì fóònù. Fóònù pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ mi tí síìmù orílẹ̀-èdè òdìkejì bọ́dà wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń tọ́jú irú síìmù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní in, òun sì ni gbogbo ẹbí tó wà ní Kétu àti Kútọnu yóò máa pè. Bí wọ́n bá bímọ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí èèyàn bá kú, èmi náà ni. Ohun tí mo bá ní wọ́n wí ni wọ́n wí, kò sẹ́ni tó ń bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbítóyè, ọkọ mi, àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gìtá ni ẹ̀mí rẹ̀. Kì í ṣe gìtá jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì o. Rọ́ọ̀kì ni, èyí tó máa ń han goorogo, tí àwọn àgbàlagbà àdúgbò á ní ṣé ẹ̀rọ ìlọta ló bàjẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ Pápá Cornelius ní Kétu ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí Pápá wà lọ́dọ̀ọ́, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tiwọn ló gbòde ní Kútọnu. Ọdún kẹtàdínlógún nìyẹn tí ọkọ mi ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, Pápá ò sì tíì ṣe fíríìdọ̀mù fún un.

Ẹ mọ bí fíríìdọ̀mù ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Yálà iṣẹ́ télọ̀ lẹ kọ́ ni o, yálà mẹkáníìkì ni, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó, títí ọ̀gá yín yóò fi gbọ́wọ́ lé yín lórí lójú àwùjọ, tí yóò súre, tí yóò ní òun yọ̀ǹda yín, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni yín. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá a ṣe é. Pápá ní orí ìtàgé làwọn máa ti ṣe ti Ìbítóyè, níbi tí èrò bá pé sí, tí gìtá bá ń ké.

"Wọn ò ṣe tèmi ní pálọ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. "Mi ò ní í ṣe tiẹ̀ ní pálọ̀."

Àmọ́ ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá Pápá fínra. Ìka ọwọ́ òsì wọn méjì ti ń kú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kọ́ńsáàtì rọ́ọ̀kì ńlá kan ń bọ̀ ní Kútọnu lóṣù Kejìlá, tí àwọn òyìnbó máa wá kọrin níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ Pápá náà yóò sì ṣeré, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ fíríìdọ̀mù ọkọ mi nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn sójà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Ìbọn dún, ọkàn èèyàn ò balẹ̀, àwọn òyìnbó ní àwọn ò wá mọ́. Fẹ́yìsetán, àkọ́bí Pápá obìnrin, pè mí lórí fóònù pẹlẹbẹ.

"Ìyàwó, wọ́n ti fagi lé e o. Sọ fún àbúrò mi pé kó má wulẹ̀ wá."

Mo jíṣẹ́. Ìbítóyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi fún bíi wákàtí kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú tòótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ọkọ tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló fi ń wà ní Kétu nítorí ìfidánrawò, ó wá dúró sílé. Ó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ó gbé Asiyah, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin, sí èjìká lọ sóko. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, á sì máa sọ ìtàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn fún mi títí n óò fi rẹ́rìn-ín tí omi á bọ́ lójú mi. Ọdún kẹjọ tá a ti fẹ́ra nìyẹn, ó wá ń ṣe mí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ní, áà, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ní ọkọ?

Wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn, oṣù Kejì. Ni Bàbá Asiyah bá tún gbéra, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí. Bí ọjọ́ náà ṣe ń súnmọ́lé, wàhálà ìbò gbòde lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ ń sun táyà lójú títì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí àpéjọ. Fẹ́yìsetán tún pè.

"Ìyàwó, ó tún ti bàjẹ́."

"Háà, ó mà ṣe o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àdánù."

Ẹnu mi ló ń sọ ìyẹn. Ọkàn mi ń jó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà burúkú yẹn. Bí mo bá kírun tán, mo máa fi í kún un pé kí Ọlọ́run má tíì jẹ́ kí wọ́n rójú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti ìdí bọ́dà bọ̀, mo máa bi í pé, "Báwo lọ̀hún?" Bó bá ní ó ti ń rọlẹ̀, oúnjẹ ò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bó bá ní wọ́n tún ń jà, màá fi epo sí ọbẹ̀ ọkọ mi dáadáa. Èmi ọmọ Ìlárá, tí ìdajì ẹbí mi ń sùn lábẹ́ ìbọn yẹn. Irú èmi báyìí.

Ọjọ́ kan, a jókòó, à ń bó pákí, ni Ìbítóyè ní, "Ìyá Asiyah, tí Pápá bá ti yọ̀ǹda mi, wọ́n ní kí n gba ẹgbẹ́ náà. Kútọnu ni màá máa gbé."

"Àwa ńkọ́?"

"Ẹ ó máa bọ̀ lẹ́yìn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀."

"Lẹ́yìn ìgbà wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà, ìbéèrè rẹ pọ̀ jù."

Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo ń bó pákí mi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù Kẹta ni Fẹ́yìsetán pè, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ọmọdé.

"Ìyàwó, Ọlọ́run ti ṣe é. Wọn ò lọ sí Kútọnu mọ́, Kétu níbí ni wọ́n máa ṣe é sí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, lọ́sàn-án. Àwọn òyìnbó ò wá, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ tiwa-n-tiwa pọ̀. Pápá ní kí Ìbítóyè wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ìka kẹta ti ń tutù, pé bí kì í bá ṣe èyí, kò tún sí òmíràn."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Màá jíṣẹ́."

Nígbà tí mo sọ ìyẹn, mo fẹ́ jíṣẹ́ lóòótọ́. Kí ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí nìkan.

Ìbítóyè dé láti oko, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè lójoojúmọ́. "Ṣé wọ́n pè?"

Mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ dání. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i bíi pé ó ti lọ tán.

"Wọ́n pè," mo ní. "Wọ́n tún ti fagi lé e."

"Wọn ò tíì dá ọjọ́, kí ni wọ́n wá fagi lé?"

Ọ̀dájú ni mí. Ahọ́n mi ò kọ́. "Wọ́n ti dá a sí Sátidé yìí kí sójà tó tún dé. Wọ́n ní kò ní í sí kọ́ńsáàtì kankan mọ́ lọ́dún yìí."

Ó sọ ọkọ́ èjìká rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ́dún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Ìka Pápá ò ní í dúró dọdún tó ń bọ̀," ó ní. Ó wọlé, kò wẹ̀.

Ẹni tó bá parọ́ kan, kó lọ tọ́jú ogún kalẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ lọ fojú kan Pápá, kí òun bá wọn jókòó díẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni? Wọ́n ti ti bọ́dà. Wọ́n ní wọ́n ń na àwọn tó ń gba inú igbó."

Sàláúdéènì ọlọ́kadà ń ṣájì fóònù lọ́dọ̀ mi. Ó gbọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀ láìtíì kún, ó sáré lọ sí gáréèjì lọ kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìròyìn ọ̀dọ̀ Qúdrát ni, ta ló máa jà á níyàn? Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àwọn tó ń lọ kí èèyàn wọn ti ń gbẹ́rù padà sílé. Ìbítóyè fúnra rẹ̀ rìn lọ sí gáréèjì lọ wádìí.

Ó padà wá. "Òótọ́ ni o. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní wọ́n ti na ẹnì kan tó daku."

Kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni. Irọ́ tó ti ilé mi jáde lọ ló padà wá bá mi pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ara tù mí pẹ̀lú.

Ní Sátidé, fóònù dún láàárọ̀, mi ò gbé e. Ó dún lọ́sàn-án lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ṣe ìkarùn-ún, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Pápá fúnra wọn ni. Mo ń gbọ́ gìtá lẹ́yìn wọn, mo ń gbọ́ ariwo èrò.

"Qúdrát ọmọ mi, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Ọkọ rẹ ti wà lọ́nà àbí?"

"Pápá, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Kò séwu. Má dà á láàmú. Bó bá gun ọ̀kadà, kó ní kí wọ́n rọra. À ń dúró dè é."

Mo pa fóònù. Ìbítóyè wà níwájú ìta, ó ń bá Asiyah gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo bá pariwo pe Sàláúdéènì nígbà yẹn, ọkọ mi á dé Kétu kí wọ́n tó kan ẹgbẹ́ wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo bọ́ọ̀lù ọmọdé títí oòrùn fi wálẹ̀, mi ò lanu.

Ọjọ́ Ajé ni mo tó tan fóònù. Fẹ́yìsetán wọlé lójú ẹsẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ lè pè ní owú. Èyí tí mo pa yìí, mi ò mọ ohun tí ẹ máa pè é.

"Ó ní kí ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ó ní iṣẹ́ oko ló wọ òun lọ́rùn."

Ó tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

"Iṣẹ́ oko?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Ó dáa. Màá sọ fún Pápá."

Mo yí sí ọkọ mi, mo ní Pápá ní kó má tíì wá o, pé ọ̀nà ò dáa, títí àwọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ọmọ iṣẹ́ rere ni. Ọ̀gá ní kó dúró, ó dúró. Ẹnì kan sọ fún un lọ́jà pé òun gbọ́ pé wọ́n ṣeré ní Kétu. Mo ní àwọn ọmọ iléèwé ni. Pápá náà kò ní í ránṣẹ́, nítorí lọ́dọ̀ wa, ọmọdé tó ṣẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá. Fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń retí ara wọn. Èmi ni mo jókòó sáàárín pẹ̀lú fóònù.

Ọ̀sẹ̀ keje, láàárọ̀ ọjọ́rú, fóònù dún. Fẹ́yìsetán ò pè mí ní Ìyàwó.

"Sọ fún ọkọ rẹ pé Pápá ti kú."

Kò sí irọ́ tí èèyàn lè fi bo ikú mọ́lẹ̀. Mo sọ fún un. Ó di orí mú, ó ń pe "Pápá, Pápá," bí ẹni pé wọ́n wà ní yàrá kejì. Ó ní kí á máa lọ. Mo ní kí n dúró ti ilé.

"Pápá fẹ́ràn rẹ," ó ní. "Wọ ẹ̀wù rẹ."

Sàláúdéènì ló gbé wa. Bọ́dà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí sójà kankan lọ́nà. Mo di ọkọ mi mú látẹ̀yìn, mo mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn tí màá dì í mú bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Àgbàlá Pápá kún. Ìbítóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Fẹ́yìsetán. Ìyá náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"O káàbọ̀. Ṣé o ti parí iṣẹ́ oko?"

"Iṣẹ́ oko wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Iṣẹ́ oko tí kò jẹ́ kí o wá gba fíríìdọ̀mù rẹ."

"Wọn ò ṣe é mọ́. Sójà ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní, "Sójà wo? Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Títí ìrọ̀lẹ́ la fi wà níbẹ̀."

Ilẹ̀ ni ọkọ mi wà síbẹ̀. Ó gbé orí sókè. Mo rò pé Fẹ́yìsetán ló máa wò, èmi ló yíjú sí.

"Ìyá Asiyah, ta ló pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n ni."

"Kí ni wọ́n wí?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀."

Fẹ́yìsetán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo gbà á gbọ́. Mo fi ẹnu ara mi sọ fún bàbá mi pé oko lo lọ."

"Kí ni wọ́n wí sí i?" Ìbítóyè béèrè.

"Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní bóyá gìtá ti sú ọ, pé o ò kàn mọ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sú mi."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí àyè rẹ. Wọ́n fi ìka tó kù lu orin tiyín. Nígbà tó tó àkókò àdúrà, wọ́n na ọwọ́ síwájú báyìí, bí ẹni pé o kúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n nà án títí. Nígbà tó yá, wọ́n ká a kò."

Ọkọ mi da ojú bolẹ̀, ó sunkún. Mo ti gbọ́ ẹkún ọkùnrin rí, mi ò gbọ́ irú ìyẹn. Àwọn obìnrin yí i ká. Kò sẹ́ni tó yíjú sí mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò nà mí. Kò lé mi. Ẹbí rẹ̀ ní kó kọ̀ mí, ó ní ọmọ ńkọ́? Nígbà tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, dìde." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn káàárọ̀.

Ó wà nílé báyìí, lójoojúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà. Ó ń jẹun mi, ó ń dúpẹ́, ó ń bi mí bóyá omi wà nílé. Bí ayálégbé la ṣe ń gbé. Mi ò tún gbọ́ ìtàn kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bí ó bá sì ń bá Asiyah rẹ́rìn-ín tí mo bá wọlé, ẹ̀rín náà á tán.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí ohun kan bá ń jìjàdù ọkọ yín pẹ̀lú yín, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ pariwo, ẹ bínú, ẹ kó ẹrù lọ sílé ìyá yín bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ ọ́ rí. Mi ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo wí fún un pé, "Bàbá Asiyah, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa gbàgbé mi." Bóyá ìyẹn nìkan ni ì bá gbà mí.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Pápá pè mí. Wọ́n ní ìlú ti tòrò, kọ́ńsáàtì Kútọnu ti dúró, kò sì sẹ́ni tí àwọn fẹ́ kó ṣíwájú àfi Ìbítóyè. Mi ò pa fóònù. Mo sáré dé oko, ẹni tó pè ṣì wà lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Sọ fún wọn pé ọmọ iṣẹ́ ni mí. Ọ̀gá mi ò tíì yọ̀ǹda mi."

"Bàbá Asiyah, Pápá ti kú."

"Mo mọ̀."

Ó tẹ̀ba mọ́ ebè rẹ̀, ó ń kọ ọ́ lọ. Ẹni tó wà lórí fóònù ń ní, "Àló? Àló? Kí ló wí?" Mo gbé e sétí. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wí i gan-an, mi ò fi nǹkan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kúrò.